Ká Tẹ Ìwé Ètò Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Kí A Tó Ya Àtíbàbà Àlejò

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Real Madrid àti Barcelona tó ń dá ìjà sílẹ̀ nídìí ayò ọlọ́pọ́n. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ wa ni.

Gbogbo wa la mọ bí ìlú ṣe ń rí nígbà tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ńlá. Láti oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àdúgbò tí kò ní ìdíje tirẹ̀. Ife ẹ̀yẹ olóyè kan nìyí, ti oníṣòwò kan nìyẹn, ti àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n bá fi àṣekágbá rẹ̀ sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọjọ́ tí ilẹ̀ wa gba òmìnira lọ́dún 1960, ló máa ń kún jù. Àwọn ọmọ Ìdí-Ìrókò á rékọjá wá, àwọn tiwa náà á lọ sọ́hùn-ún. Bọ́ọ̀lù kì í béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn aṣọ́bodè ló ń béèrè.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ibi tí owó ń gbà lọ. Bí ìgbìmọ̀ ìdíje bá jókòó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ní kí a kọ sílẹ̀ ni àtíbàbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àga, aṣọ tí wọ́n máa fi bo àga àwọn èèyàn ńlá, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bíà, adìyẹ díndín, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, owó ẹni tí yóò máa pariwo nídìí gbohùngbohùn, àti epo jẹnẹrétọ̀. Ife ẹ̀yẹ àti aṣọ agbábọ́ọ̀lù á wà nísàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù gan-an, nígbà mìíràn, àárọ̀ ọjọ́ eré ni wọ́n ń rántí rẹ̀. Àwa olùkọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe akọ̀wé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹnu ẹlòmíràn la ti gbọ́ ọ, ọwọ́ wa ló ń kọ ọ́. Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn, a kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ní ká kọ ọ́ pé: ìwé ètò, iye báyìí.

Ìwé ètò wo? Bébà kan tí a ká sí méjì ni. Ọjọ́ eré á wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gbá a, orúkọ ikọ̀ méjèèjì, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ti rẹfirí, àti bóyá ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe dé ibẹ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa rárá. Bí àgbàlagbà bá papò dà ní Ìgólò, tí àwọn ọmọ ń ṣe ìnáwó, ẹ ò ní tíì jókòó dáadáa tí wọ́n á ti fi ìwé ètò lé yín lọ́wọ́. Àwòrán olóògbé á wà níwájú, ọdún tí wọ́n bí i, orin tí a máa kọ, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ, títí kan ìyàwó ọmọ tó wà ní Libreville tí kò tilẹ̀ ráyè wá. A máa ń mú ìwé yẹn lọ sílé, a máa ń kì í bọ inú Bíbélì tàbí inú àpótí aṣọ, ó lè pẹ́ níbẹ̀ ju ogún ọdún lọ. Ẹni tó ti kú, a tẹ ìwé fún un. Ọmọ tó wà láàyè, tó ń sáré nínú oòrùn fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má rò pé àṣehàn lásán là ń sọ. Ọmọkùnrin kan wà tí a kọ́ ní CEG, ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni, iwájú ló ń gbá. Ọdún mẹ́ta ló fi gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje ìsinmi káàkiri agbègbè yìí, àwọn tó bá wò ó rí kò ní gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, wọ́n pè é sí ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kan lápá Nàìjíríà. Wọ́n bi í pé níbo ló ti gbá rí. Ó dárúkọ ìdíje mẹ́rin. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá. Ohun tó ní kò ju àwòrán kan lọ nínú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn nínú àwòrán náà, èèyàn mẹ́rin dúró níwájú rẹ̀, nọ́ńbà aṣọ rẹ̀ kò sì hàn. Olówó tó gbé ife ẹ̀yẹ lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Wọ́n fi ọmọ wa sílẹ̀, wọ́n mú òmíràn tó kó ìwé dání. A kò sọ pé ìwé nìkan ló fà á o. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kejì mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí à bá fẹ́ ni pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dá a lẹ́jọ́, kó má jẹ́ àìní bébà. Lónìí, ẹrù ló ń fi alùpùpù gbé kọjá ibodè, èyí tó bá rí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà níbẹ̀, ó sì kan àwa ará ibodè ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ kan ṣoṣo: ìwé ìbí tiwa á kọ ọ́ ní Adéchina, ìwé Nàìjíríà á kọ ọ́ ní Adeshina, ìyá rẹ̀ á pè é ní Adéṣínà. Ó dà bí eré, títí di ọjọ́ tí ọ̀gá kan bá wò ó tó ní èèyàn mẹ́ta ni. Ẹ wo Razak Omotoyossi tó gbá bọ́ọ̀lù fún Bẹ̀nẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí. Ìdí tí s méjì fi wà nínú orúkọ rẹ̀ ni pé bí s kan ṣoṣo bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, Faransé á pè é ní z. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá kò nílò s kejì ká tó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ní lọ́kàn nígbà tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wo Junior Olaitan. Ẹ wo Tosin Aiyegun, tí wọ́n bí sí Èkó lóun náà, tó sì ń wọ aṣọ Bẹ̀nẹ̀. Ní òdì kejì, Ademola Lookman àti Ola Aina ń wọ aṣọ Nàìjíríà. Bí ikọ̀ méjèèjì bá pàdé, ọmọ Yorùbá lè bá ọmọ Yorùbá du bọ́ọ̀lù, kí ẹni tó ń ka orúkọ wọn lórí tẹlifíṣọ̀n sì má pe ẹyọ kan tọ̀nà nínú wọn.

Nítorí náà, bí a bá máa tẹ ìwé ní Ìgólò, ọ̀nà méjì ló yẹ ká kọ orúkọ: bó ṣe wà nínú ìwé ìbí, kí ọmọ lè lò ó níwájú ọ̀gá, àti bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, pẹ̀lú àmì ohùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa olùkọ́ á ní àríyànjiyàn tiwọn nípa ẹ àti ɛ, nítorí àbídí ìjọba tiwa fi ɛ àti ɔ kọ ohun tí àwọn ará òdìkejì fi ẹ àti ọ kọ. Ìyẹn kò ní ká má tẹ ìwé. Kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n bá mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ lọ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ lè rí ohun tí bébà ń ṣe. Lọ́dún 1949, nígbà tí Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó agbábọ́ọ̀lù 18 jọ, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Apapa láti Èkó lọ sí Liverpool. Etim Henshaw ni balógun wọn. Tesilimi Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko tútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n gbá níbẹ̀. Wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n fìdí rẹmi nínú márùn-ún. Èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n lu ẹgbẹ́ Marine ní Crosby, 5–2. Nínú oṣù kẹsàn-án, South Liverpool gbà wọ́n lálejò ní Holly Park, lálẹ́, lábẹ́ iná mànàmáná, nígbà tí bọ́ọ̀lù alẹ́ ṣì jẹ́ ohun ìyanu lọ́hùn-ún, èèyàn tó lé ní 13,000 ló sì wá wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n lu Sierra Leone 2–0 lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá.

Ẹ kíyè sí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn. Àwa tí a jókòó ní Ìgólò lónìí ń ka ayò tí wọ́n jẹ ní Crosby lọ́dún 1949. Kò sí fóònù nígbà náà, kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé àwọn tó ń gbá a. Marine àti South Liverpool kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá, ẹgbẹ́ àdúgbò ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ yẹn, àṣà wọn ni pé kí olùwòran fi owó pẹ́ńnì díẹ̀ ra ìwé ètò lẹ́nu ọ̀nà, kí orúkọ àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, kí akọ̀ròyìn sì gbé orúkọ náà lọ sínú ìwé ìròyìn. Tesilimi Balógun padà lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, Queens Park Rangers ló gbà á lọ́dún 1956, pápá ìṣeré kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè títí di òní. Ní ọdún 1949 yẹn kan náà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbá bọ́ọ̀lù ní Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá lè dárúkọ mọ́kànlá péré nínú wọn, kó jáde wá, a máa ra àkàrà fún un.

Ṣé ohun tí à ń sọ ni pé kí wọ́n má ṣe tọ́jú àlejò? Rárá o. Ìlú tí kò bá lè fi àlejò sí abẹ́ òjìji kò yẹ ní ìlú. Ohun tó ń dùn wá ni pé a dojú ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Níbi tí bọ́ọ̀lù ti di òwò, wọ́n ń ta ìgbàlejò ni. Ẹni tó bá fẹ́ á san owó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú owó yẹn ni àga tó dára wà, oúnjẹ, ohun mímu, ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí, àti ìwé ètò ọjọ́ náà tí wọ́n á ti gbé sórí tábìlì rẹ̀ kó tó dé. Ilé iṣẹ́ ló sábà máa ń rà á, láti fi ṣe oníbàárà wọn lálejò. Nígbà tí Arsenal kúrò ní Highbury lọ́dún 2006 lọ sí pápá tuntun wọn, odidi àjà kan láàárín ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àga olówó ńlá bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń wọlé látibẹ̀. Gbogbo èèyàn kọ́ ló fẹ́ràn rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, lẹ́yìn tí Manchester United gbá Dynamo Kyiv nílé, Roy Keane tó jẹ́ balógun wọn bínú sí àwọn kan nínú àwọn olùwòran ilé. Ó ní wọ́n ti mu ọtí díẹ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi edé sáàárín, wọn kò sì mọ ohun tó ń lọ lórí pápá. Fún àwa tí a wà nítòsí ọ̀sà Àjàṣẹ́, edé kì í ṣe oúnjẹ olówó, ẹ fi ojú inú wo bó ṣe pa wá lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ yé wa. Ẹni tí a fi sí ipò tó dára jù lè jẹ́ ẹni tí eré náà kò kàn.

Tiwa wá yàtọ̀. Àwa kì í ta àga abẹ́ àtíbàbà, ọ̀fẹ́ la fi ń fún ẹni tó lówó jù, a ó wá máa wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá yóò nawọ́. Àwọn olùwòran tó san owó ìwọlé dúró sínú oòrùn. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń pín omi inú ọ̀rá mu. Ní ìdíje kan tí a kò ní dárúkọ, àlejò pàtàkì dé nígbà tí wọ́n ti gbá ìdajì kejì dé àárín, òun àtàwọn mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e, odidi ikọ̀ kan. Wọ́n dá eré dúró kí ó lè bọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ó gba gbohùngbohùn, ó ṣèlérí àwọ̀n fún ilé méjèèjì àti bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọ̀n náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Bí a bá sọ pé kí a ta àga yẹn, àwọn àgbà á ní: ṣé ẹ fẹ́ máa gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ àlejò ni? Ó dà bí ìtìjú létí Yorùbá. Ó yé wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ni aṣọ ẹbí? Wọ́n á mú aṣọ wá fún yín, wọ́n á dá iye lé e, ẹ mọ̀ pé ó ju iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lọ, ẹ ó rà á. Lọ́jọ́ ìnáwó, aṣọ yẹn ni yóò sọ ibi tí ẹ máa jókòó àti irú ẹran tó máa wà nínú àwo yín, ẹ ó sì gba ike tàbí aṣọ ìnujú lọ sílé. Ta ló ra aṣọ ẹbí rí tó ní wọ́n ta oúnjẹ fún òun? Ohun tí àwọn òyìnbó ń tà ní pápá ìṣeré kò ju aṣọ ẹbí lọ. Àwa la mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́, a kàn ń fi í sílẹ̀ bí a bá ti dé pápá ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, iye tí a fẹ́ dá yìí àbá lásán ni o, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé a ti dá owó lé e. Ká ní tábìlì márùn-ún ló wà lábẹ́ àtíbàbà, èèyàn mẹ́rin nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní tábìlì kan jẹ́ 10,000 sẹ́fà, tàbí náírà tó bá a dọ́gba, nítorí a mọ ara wa níbí. Ìyẹn 50,000. Nínú rẹ̀ la ó ti bọ́ wọn, a ó sì kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn ìwé ètò bí ẹni tó ran ìdíje lọ́wọ́. Ní ti ìwé fúnra rẹ̀, ká ní ẹ̀dà 300 la tẹ̀, tí ọ̀kan ná wa ní 50. Ó di 15,000. Bí a bá tà á ní 100 sẹ́fà lẹ́nu ọ̀nà, tí ìdajì péré tà, owó ìtẹ̀wé ti wọlé. Tẹ́lọ̀, oníkẹ́míkà, mẹkáníìkì, ẹni tó ń ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà nídìí ibodè, ìyá oúnjẹ tó ń bọ́ àwọn awakọ̀, gbogbo wọn lè gba igun kékeré nínú ìwé náà ní 2,000. Kò sí ẹni tí 2,000 máa pa. Ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù, rẹfirí àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọ̀fẹ́ ni tiwọn. Kí a fi ẹ̀dà méjì-méjì ránṣẹ́ sí ààfin, sí mẹ́rì àti sí ilé ìwé. Kí a má sì ṣe fi nọ́ńbà fóònù ọmọ kankan sínú rẹ̀. Orúkọ, ilé ìwé àti abúlé ti tó, kí òbí rẹ̀ sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń pe ara wọn ní olùwá-agbábọ́ọ̀lù tó ń gba owó lọ́wọ́ òbí pọ̀ ní ibodè yìí, a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wa kọ nọ́ńbà fún wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní, Tíṣà, fóònù wà. Òótọ́ ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, lọ́dún 2018, àwọn ẹgbẹ́ tó wà nínú líìgì EFL dìbò pé kò pọn dandan mọ́ kí ẹgbẹ́ kan máa tẹ ìwé ètò fún gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, nítorí owó ìtẹ̀wé àti nítorí íntánẹ́ẹ̀tì. A kò fi èyí pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀: ẹgbẹ́ tó ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ayò rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn, nínú fídíò àti nínú àkọsílẹ̀ líìgì, lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Kí ni tiwa tó wà níbòmíràn? Ohun tí a fi sí ipò WhatsApp, wákàtí 24 péré ló ń lò. Fóònù á jábọ́ sínú kànga, mẹ́mọ́rì á kún, ọmọ á pa àwòrán rẹ́ kó lè ráyè fi orin sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: àwòrán ìdíje ọdún 2015, ta ló ṣì ní i?

Àwọn tó fẹ́ràn owó, ẹ gbọ́ èyí. Ìwé ètò kan wà tí wọ́n tẹ̀ fún àṣekágbá ife ẹ̀yẹ FA lọ́dún 1882, láàárín Old Etonians àti Blackburn Rovers. Bébà kékeré kan ni. Lọ́dún 2013, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní London, £35,250. Ẹni tó rà á kò ra bébà, ohun tó rà ni pé kò sí òmíràn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé ètò ṣe rí láàárín àwọn tó ń kó o jọ: bí ẹ̀dà tó ṣẹ́ kù bá ṣe kéré tó, bí eré náà bá ṣe ṣe pàtàkì tó, bí orúkọ ẹnì kan tó padà di olókìkí bá wà nínú rẹ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n, bí kò bá ya, tí omi kò bá kàn án, tí irin tí wọ́n fi dè é kò bá dípẹtà. A kò sọ pé ìwé Ìgólò máa di £35,000. À ń sọ pé kí a fi márùn-ún sínú ọ̀rá, kí a gbé e síbi tí ikán kò lè dé, ká sì máa wò ó.

Ohun kan ṣì kù nínú ọ̀rọ̀ àlejò, nítorí ìgbàlejò kò pin sí abẹ́ àtíbàbà. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2024, nínú ìdíje láti lọ sí ife ẹ̀yẹ àgbáyé, Bẹ̀nẹ̀ lu Nàìjíríà 2–1. Onyedika ló kọ́kọ́ jẹ fún Nàìjíríà, kí Jodel Dossou àti Steve Mounié tó jẹ tiwa, gbogbo rẹ̀ nínú ìdajì àkọ́kọ́. Ilé ni wọ́n kà á sí fún wa, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n ti gbá a, nítorí kò sí pápá nílé tó bá ìlànà mu lásìkò náà. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Nàìjíríà tún ní láti bá wa gbá a "nílé", Abidjan náà ni, 1–1, Mohamed Tijani jẹ tiwa, Osimhen dá a padà. Orílẹ̀-èdè méjì tí odò kékeré àti okùn ibodè nìkan ló yà wọ́n, wọ́n wọ bàálù lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ivory Coast. Ká ní Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́ ni, ṣé ẹ mọ iye ọkọ̀ tí ì bá kọjá ní Ìgólò? Ìyá olóúnjẹ, ọlọ́kadà, onílé ìtura, ọmọ tó ń ta asia, gbogbo wọn ló pàdánù. Àkókò kan wà tí wọ́n wá sílé: oṣù kẹta ọdún 2021, ikọ̀ Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, wọ́n gba orí ọ̀sà wá sí Àjàṣẹ́, Paul Onuachu fi orí kàn án sílé nígbà tí eré ti fẹ́ parí, 1–0. Ìtàn tí àwọn baba wa ì bá fi kọrin ni, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó gba orí omi wá! Nínú gbogbo ilé tí a ń wọ̀ ní Ìgólò, a kò tíì rí bébà kan ṣoṣo tó ti ọjọ́ yẹn wá. Ibodè Ìdí-Ìrókò ṣì wà ní títì nígbà náà, ọdún 2022 ni Nàìjíríà tó kéde ṣíṣí rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn ará wa lọ́hùn-ún kò lè gba ọ̀nà wa wá wò ó.

Ti pápá ńlá, ọwọ́ ìjọba ló wà. Ti pápá iyanrìn wa, ọwọ́ wa ni.

Ìgbìmọ̀ ìdíje àdúgbò wa máa jókòó lẹ́yìn ìdánwò BEPC. A ti kọ ìwé ètò sí ìlà kìíní, àtíbàbà sí ìlà kejì, bẹ́ẹ̀ náà la ó sì ṣe kà á sí wọn létí. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ fi orúkọ ránṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà, bó ṣe wà nínú ìwé ìbí àti bí ẹ ṣe ń pè é nílé. Ẹni tí kò bá mọ àmì ohùn fi sí i, kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń pe ọmọ náà, kó fi ránṣẹ́ sí wa. A máa gbọ́ ọ, a ó sì fi àmì sí i.